Kí Ló Dé Táwọ̀ Fi Ń Jà Nínú Àwòrán Kọ̀ǹpútà Àtijọ́?

Àbúrò mi kan ló bá mi níbi tí mo ti ń ya obìnrin kan tó wé gèlè pupa, ZX Spectrum ni mo fi ń yà á, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé kan tí ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 1982. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó wò ó títí, ló bá ní, "Bọ̀dá, ẹ ní kọ̀ǹpútà yìí ní àwọ̀ 15. Ẹ ti fi pupa sí gèlè, ẹ ti fi búlúù sí ojú ọ̀run. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe fi dúdú kan iwájú orí ẹ̀ báyìí, etí gèlè náà dẹ̀ di dúdú?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn àwòrán píksẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà lójú rú, pàápàá àwọn tó jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Wọ́n rò pé téèyàn bá ṣáà ti sọ àwòrán di kékeré, tó dẹ̀ dín àwọ̀ ẹ̀ kù sí 15 tàbí 16, ó ti di àwòrán kọ̀ǹpútà àtijọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iye àwọ̀ kọ́ ni wàhálà àwọn kọ̀ǹpútà yẹn. Ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè jókòó sí àti àwọ̀ tó lè jókòó tì í, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní mọ iṣẹ́ táwọn tó ń yàwòrán nígbà yẹn ṣe, kò dẹ̀ ní rí ẹwà ẹ̀.

Píksẹ̀lì ni ẹyọ ojú kéékèèké tí wọ́n tò jọ tó wá di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, bí ìgbà téèyàn ń sin ìlẹ̀kẹ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan. Spectrum ní 256 níbùú, ó ní 192 lóròó, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ ẹ máa rí 49,152. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú 49,152 yẹn ní àwọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó lè mú èyí tó wù ú nínú nǹkan bí àwọ̀ 16, bíìtì 4 ni kọ̀ǹpútà máa fi rántí àwọ̀ ẹyọ kan. Bíìtì dà bí ẹyọ gílóòbù iná kan, ó tàn tàbí ó kú, 8 nínú ẹ̀ ló dẹ̀ ń jẹ́ báìtì kan. Ìyẹn ni pé báìtì kan á gba píksẹ̀lì 2, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á wá gba báìtì 24,576.

Oríṣi Spectrum méjì ni wọ́n gbé jáde lọ́dún yẹn, ọ̀kan ní mẹ́mọ́rì 16K, pọ́n-ùn 125 ni wọ́n ń tà á, èkejì ní 48K, ìyẹn jẹ́ pọ́n-ùn 175. 16K ò ju báìtì 16,384 lọ, àwòrán yẹn nìkan ò lè wọ inú ẹ̀ ká má tíì sọ pé a fẹ́ kọ prógíráàmù sí i. 48K dẹ̀ jẹ́ báìtì 49,152, àwòrán kan ṣoṣo á ti kó ìdajì ẹ̀ gééré lọ. Ta ló fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí àwòrán ti jẹ ìdajì mẹ́mọ́rì ẹ̀ kó tó ṣe nǹkan kan? Mẹ́mọ́rì wọ́n nígbà yẹn, owó táwọn tó ṣe é dẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ ni iye tí òbí lè rà á fọ́mọ nílé, torí náà ó di dandan kí wọ́n ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Ohun tí wọ́n ṣe rèé, ó dẹ̀ ní ọgbọ́n nínú gan-an. Wọ́n fún píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 1 péré, tàn tàbí kú, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ báìtì 6,144. Lẹ́yìn náà wọ́n pín ojú kọ̀ǹpútà sí yàrá kéékèèké, yàrá 32 níbùú, 24 lóròó, ó jẹ́ 768 lápapọ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan dẹ̀ ní píksẹ̀lì 8 níbùú àti 8 lóròó nínú. Yàrá kan, báìtì kan fún àwọ̀. 6,144 pẹ̀lú 768 jẹ́ 6,912. Dípò 24,576, àwòrán aláwọ̀ mèremère kan wọ inú 6,912.

Ẹ wo yàrá kan bíi yàrá gidi tí píksẹ̀lì 64 ń gbé inú ẹ̀, onílé wá gbé garawa ọ̀dà méjì péré sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Píksẹ̀lì tó bá tàn á kun ọ̀dà kìíní, èyí tó bá kú á kun ọ̀dà kejì, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé òun fẹ́ ọ̀dà kẹta. Ọ̀dà kìíní yẹn ni Spectrum ń pè ní INK, èkejì ni PAPER. Tẹ́ ẹ bá wá kù gìrì gbé ọ̀dà tuntun wọ yàrá, kì í ṣe pé ẹ fi kún un, ńṣe lẹ pààrọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà níbẹ̀, gbogbo píksẹ̀lì tó ń lo ọ̀dà yẹn tẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà á dẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣe gèlè mi nìyẹn. Pupa ni INK yàrá yẹn, mo fi dúdú kàn án, INK di dúdú, etí gèlè tó wà nínú yàrá náà bá a lọ. Ìjà àwọ̀ tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ wá prógíráàmù tó ń ṣe bíi Spectrum lórí kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí, Fuse jẹ́ ọ̀kan, ọ̀fẹ́ dẹ̀ ni, kẹ́ ẹ wá tẹ èyí:

PRINT AT 0,0;"A": POKE 22528,106

Lẹ́tà A á jáde ní igun òkè lápá òsì, á pupa, ẹ̀yìn ẹ̀ á jẹ́ búlúù tó mọ́lẹ̀ rokoṣo bí ojú ọ̀run. POKE ló ń fi nọ́ńbà sí ibì kan nínú mẹ́mọ́rì, 22528 ni àdírẹ́sì ibẹ̀, ìyẹn báìtì àwọ̀ ti yàrá àkọ́kọ́ pátápátá. 106 kì í ṣe nọ́ńbà tí mo ṣáà mú. Pupa ní nọ́ńbà 2, búlúù ojú ọ̀run ní nọ́ńbà 5, PAPER ni wọ́n máa ń fi 8 sọ di púpọ̀, nítorí náà 2 pẹ̀lú 40 jẹ́ 42, a wá fi 64 kún un kí àwọ̀ náà lè tàn, ó di 106. Tẹ́ ẹ bá fi 128 kún un, yàrá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, INK á di PAPER, PAPER á di INK. Àwọ̀ 8 ló wà, títàn tàbí àìtàn wá jẹ́ kó dà bíi 16, àmọ́ dúdú tó tàn dúdú náà ni, ìdí tó fi jẹ́ 15 nìyẹn. Títàn náà dẹ̀ rèé, ti gbogbo yàrá ni, INK ò lè tàn kí PAPER má tàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí gèlè, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí bí èèyàn ṣe ń ronú tó bá ń ya nǹkan yìí. Etí gèlè mi lápá òsì bọ́ sí píksẹ̀lì 100 níbùú, ibi tí gèlè parí sí níwájú orí bọ́ sí píksẹ̀lì 68 lóròó. Yàrá tó ń bẹ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 96 dé 103 níbùú, 64 dé 71 lóròó. Nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, ojú ọ̀run wà níbẹ̀, gèlè wà níbẹ̀, iwájú orí náà tún wà níbẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta, garawa méjì. Kò ṣeé ṣe, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbé e gbà.

Àwọn yàrá tó wà lókè ẹ̀ ò ní wàhálà, gèlè àti ojú ọ̀run nìkan ló pàdé níbẹ̀, torí náà etí gèlè lè tẹ̀, ó lè yọ ṣónṣó, ó lè ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn yàrá tó wà láàárín náà ò ní wàhálà, gèlè àti awọ ara nìkan ló wà níbẹ̀. Igun yẹn nìkan ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fa etí gèlè wá sí apá òsì ní píksẹ̀lì 4, níbi igun yẹn nìkan, kó lè bọ́ sí 96 gééré, lórí ògiri yàrá. Ojú ọ̀run wá dúró sí yàrá tiẹ̀, ó parí sí 95, gèlè àti iwájú orí wá ń gbé yàrá kan náà. Lókè ibẹ̀ mo jẹ́ kí etí gèlè máa yípo bó ṣe fẹ́, kí ojú má bàa rí i pé mo gbé nǹkan kan lé ògiri. Ẹni tó bá wo àwòrán náà ò lè mọ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ nìyẹn, kéèyàn mọ ibi tí ògiri wà, kó dẹ̀ gbé etí nǹkan lé e láìjẹ́ kó hàn. Àwọn tó ń ya àwòrán fún géèmù nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn orí ìwé gíráàfù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń yà á kí wọ́n tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, torí lórí ìwé lèèyàn ti lè rí ògiri dáadáa.

Géèmù tí èèyàn ti ń rìn kiri ojú kọ̀ǹpútà tún le jù báyìí lọ, torí ẹni tó ń rìn ò lè dúró lé ògiri nígbà gbogbo. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń rí ọ̀pọ̀ géèmù Spectrum tó jẹ́ pé àwọ̀ kan pẹ̀lú dúdú ni gbogbo ojú ẹ̀ nìyẹn. Wọn ò ya ọ̀lẹ, ńṣe ni wọ́n yẹra fún ìjà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí tí mi ò dẹ̀ rí kí wọ́n sọ tó. Nínú àwọ̀ 15 yẹn, kò sí búráùn. Dúdú, búlúù, pupa, pọ́pù, àwọ̀ ewé, búlúù ojú ọ̀run, yẹ́lò, funfun, ó parí. Téèyàn bá fẹ́ ya ojú èèyàn dúdú, kò sí àwọ̀ tó lè mú tààrà. Àmọ́ ó ṣeé ṣe, ó dẹ̀ máa ń rẹwà. Ẹ mú pupa tí kò tàn, ẹ mú dúdú, kẹ́ ẹ wá tò wọ́n bíi pátákó dráfù, ẹyọ pupa kan, ẹyọ dúdú kan, ìlà tó tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ yí i padà. Tẹ́ ẹ bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ojú yín á pò wọ́n pọ̀, á sún mọ́ búráùn tó jinlẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí pupa pọ̀, 3 nínú 4. Lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ jẹ́ kí dúdú pọ̀. Ọ̀dà méjì náà ni o, ẹ ò kúrò nínú òfin yàrá. Ẹ wá wo ohun tó tún gbè mí lẹ́yìn: pupa tó wà nínú awọ ara ni pupa tó wà nínú gèlè, torí náà gèlè àti iwájú orí lè gbé yàrá kan láìjà. Ká ní gèlè aláwọ̀ ewé ni mo wé fún un ni, ìlà iwájú orí ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀ ì bá di wàhálà.

Commodore 64 ńkọ́? Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe ìyẹn, ọdún 1982 náà ni, dọ́là 595 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á, mẹ́mọ́rì ẹ̀ 64K. Òun ní àwọ̀ 16, búráùn wà níbẹ̀, ọsàn wà níbẹ̀, pupa tó rẹ̀ wà níbẹ̀, eérú oríṣi 3 wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ya awọ ara á dúpẹ́. Ó ní ọ̀nà ìyàwòrán kan tó jọ ti Spectrum, 320 níbùú, 200 lóròó, yàrá 8 sí 8, àwọ̀ 2. Àmọ́ èyí tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn jù ni èkejì, níbi tí wọ́n ti fún píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 2 dípò 1. Bíìtì 2 lè sọ nǹkan mẹ́rin, ó wá jẹ́ pé yàrá kan lè ní àwọ̀ 4. Ibo ni wọ́n ti rí àyè? Wọn ò fi mẹ́mọ́rì kún ti píksẹ̀lì, báìtì 8,000 náà ni píksẹ̀lì inú àwòrán ṣì ń gbà, wọ́n kàn gé ìbú ẹ̀ sí méjì ni. 320 di 160. Ìdí tí píksẹ̀lì inú àwòrán Commodore fi sanra nìyẹn, tó rí bíi bíríkì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọwọ́ ayàwòrán ni, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀, iye tó san fún àwọ̀ nìyẹn.

Nínú àwọ̀ 4 yẹn náà, ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo ilé. Ẹ mú un lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yàrá 1,000 tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló máa lò ó. 3 tó kù ni yàrá kọ̀ọ̀kan lè mú fúnra ẹ̀. Dúdú ni mo sábà máa ń fi ṣe ti gbogbo ilé, torí kò síbi tí òjìji ò sí, mo wá lè fi búráùn, ọsàn àti pupa tó rẹ̀ sí yàrá ojú. Obìnrin kan náà, gèlè kan náà, tí mo bá yà á lórí Commodore, ojú ẹ̀ máa ń jọ ojú èèyàn gan-an, ṣùgbọ́n ìlà tín-ín-rín tí mo fà sára gèlè lórí Spectrum láti fi ìṣẹ́po aṣọ hàn, mi ò lè fà á níbẹ̀ mọ́, píksẹ̀lì ti sanra jù. Èmi ò lè bá yín sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì. Tó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ yà, ẹ lọ sí Spectrum. Tó bá jẹ́ ojú, Commodore.

Amstrad CPC, kọ̀ǹpútà ilé mìíràn tó jáde lọ́dún 1984, ò tiẹ̀ ní yàrá rárá, àwọ̀ 27 ló wà níbẹ̀, ẹ lè lo 16 lẹ́ẹ̀kan náà, píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dẹ̀ lómìnira, àmọ́ 160 náà ni ìbú ẹ̀, báìtì 16,384 dẹ̀ ti lọ sórí ẹ̀ nínú 64K. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 320, àwọ̀ 4 péré lẹ máa rí. Lọ́dún 1985 ni Amiga dé, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ ní New York, Andy Warhol, gbajúmọ̀ ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, jókòó níwájú èrò, ó fi í ya àwòrán Debbie Harry tó jẹ́ akọrin. Òun ní àwọ̀ 32 tí píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè mú bó ṣe wù ú, nínú 4,096, ìjà àwọ̀ ti parí. Kí ló parí ẹ̀? Mẹ́mọ́rì náà ni. Àwòrán 320 sí 200 tó ní àwọ̀ 32 ń gba báìtì 40,000, ó kù díẹ̀ kó tó gbogbo mẹ́mọ́rì Spectrum 48K. Amiga ní 256K, ó lè gbé e.

Ohun mìíràn tó ń da èèyàn lójú rú ni pé tí wọ́n bá rí àwòrán àtijọ́ lórí fóònù, wọ́n á ní ó rí wúruwùru, pé àwọn tóótòòtó dúdú pupa yẹn ò dára lójú. Òótọ́ ni, lórí fóònù. Àmọ́ ara tẹlifíṣọ̀n onígò ni wọ́n ti ń wo Spectrum, ihò eríà lẹ ti máa so ó mọ́ ọn, àwòrán dẹ̀ máa ń ṣàn díẹ̀ kọjá ààyè ẹ̀ kó tó dé ojú gò. Píksẹ̀lì pupa á ṣàn mọ́ dúdú, dúdú á ṣàn mọ́ pupa, ohun tó kù á jẹ́ búráùn. Tẹlifíṣọ̀n náà wà lára irinṣẹ́ ayàwòrán. Tẹ́ ẹ bá ń yà á lónìí, ẹ má lẹ ojú mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ máa sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n apá kan lóòrèkóòrè, kẹ́ ẹ tó pinnu pé ó dára tàbí kò dára.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, prógíráàmù kan wà tó ń jẹ́ Multipaint, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa sọ kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ yà fún un, á dẹ̀ mú yín tẹ̀ lé òfin ẹ̀. Ẹ tan ìlà yàrá sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun síbẹ̀. Ẹ fi dúdú àti funfun ya gbogbo ẹ̀ tán ná, àwọ̀ ló kẹ́yìn, tó bá ti dúró dáadáa láìsí àwọ̀, àwọ̀ ò ní lè bà á jẹ́.

Spectrum fúnra ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí mo parí obìnrin náà, mo fi SAVE "gele" SCREEN$ kó o sórí kásẹ́ẹ̀tì, mo wá pe àbúrò mi kó wá wò ó bó ṣe ń padà wọlé. Ariwo kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lókè, kò dẹ̀ wá tẹ̀léra, ìlà kan á hàn, á fo 7, òmíràn á hàn, torí bí wọ́n ṣe tò ó sí mẹ́mọ́rì nìyẹn, ìdámẹ́ta òkè á kún tán kó tó kan ti àárín. Gbogbo ẹ̀, dúdú àti funfun. Ó ní, "Bọ̀dá, àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kó ní sùúrù. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 35, báìtì 6,144 pé, ó wá kan 768 tó kù. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, yàrá kan tẹ̀ lé yàrá kan, ojú ọ̀run kọ́kọ́ mọ́, gèlè pupa, ó dé ìlà iwájú orí, mo fọwọ́ kan gò náà níbi igun yẹn láti fi hàn án: yàrá tí àdírẹ́sì àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ 22796, ògiri ẹ̀ rèé, pupa àti dúdú nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó ń wá ibi tí mo gbé gèlè lé ògiri, kò rí i.